Fáríébù, Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tó Wọ Ilé Aláró

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n ní kí n bá sọ̀rọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ aró ni ẹ máa kọ́ àbí ẹ máa wá nǹkan mìíràn ṣe. Kí n ti tètè sọ ọ́, kí a má baà máa tan ara wa: èmi fúnra mi ò mọ̀ bóyá kí ẹ kọ́ ọ. Mo ti ṣe é láti ìgbà ọmọge títí mo fi di ìyá àgbà. Ó bọ́ mi, ó wọ̀ mí láṣọ, ó sì jẹ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Tí ẹ bá bi mí lówùúrọ̀, màá ní iṣẹ́ dáadáa ni. Tí ẹ bá bi mí nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ̀yìn ń ro mí, ohun tí màá sọ á yàtọ̀. Ẹ ṣáà jókòó, ẹ máa gbọ́.

Kémta ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé Mùsùlùmí tó ń ṣòwò aṣọ. Ràbíátù lorúkọ mi, Ràbí ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ìyá mi ń ta aṣọ funfun tí àwọn aláró máa ń rà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ gbogbo ẹni tó ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà tí kò sí ọ̀nà àtilọ sí girama, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ilé Ìyá Músílí. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà ni, Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé, kò sí yàrá tó ṣófo tí wọn ò gba ayálégbé sí. Ohun tí àwọn àgbà méjì bára wọn sọ nípa owó àti iye ọdún, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ìyá Músílí yìí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Apá wọn dúdú ju ojú wọn lọ nítorí aró. Wọn kì í pariwo. Ọ̀gá mìíràn á bú ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwọ náà á sì mọ̀ pé ó ti tán. Ìyá Músílí kò ní bú ọ. Wọ́n á kàn máa wò ọ́, wọ́n á máa wò ọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ, o ò ní mọ èyí tó o ṣe gan-an nínú gbogbo ohun tó o ṣe. Mo máa ń tọrọ àforíjì lórí nǹkan mẹ́ta kí n tó bá èyí tí wọ́n ń bínú lé lórí.

Ọdún àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan aró rárá. Eérú ni iṣẹ́ mi. Èèpo kòkó la máa ń jó, a ó kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, a ó gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, a ó máa bu omi lé e kó máa kán díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn ni a máa rẹ ẹ̀lú sí, ewé tí àwọn ìyàwó àgbẹ̀ máa ń gún, tí wọ́n á rọ rogodo, tí wọ́n á sá, kí wọ́n tó kó o wá láti abúlé. Tí omi eérú ò bá le tó, aró ò ní jí. Tó bá le jù, á kú. Báwo la ṣe máa mọ̀? Ahọ́n ni.

Ìyá Músílí á ti ìka bọ omi náà, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní kí èmi náà tọ́ ọ wò.

“Ó rí báwo?”

“Ó ń ta, Ìyá.”

“Ó ń ta bí ata ni àbí bí ọsàn kíkan?”

“Bí ata, Ìyá.”

“Irọ́ ni.”

“Bí ọsàn ni, Ìyá.”

“Irọ́ ni. Tún un tọ́ wò.”

Títí di òní, mi ò mọ ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn láwọn ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó yá, tí ahọ́n mi ti bó tó sì ti jinná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí omi dára, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi náà ò bi mí mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìkòkò aró wà, wọ́n rì wọ́n sílẹ̀ dé àárín. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní igbá tirẹ̀. Òfin tó le jù nílé yẹn nìyẹn: igbá tí wọ́n fi ń bu aró nínú ìkòkò kan kò gbọdọ̀ kan ti èkejì. Ẹ lè gbàgbé kírun kí Ìyá Músílí fi sùúrù rán yín létí. Ẹ má ṣi igbá mú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ṣì í mú, wọ́n gba igbá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi gbá mi lọ́wọ́ títí igbá fi fọ́. Wọ́n wá ní kí n lọ ra òmíràn.

Mo bi wọ́n nídìí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkòkò tó dàgbà jù nínú wọn, Ìyá Wọn là ń pè é. Ọwọ́ ìyá tó bí Ìyá Músílí ló ti wá. Wọn kì í da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ nù láé, tuntun ni wọ́n máa ń bù lé e lórí. Aṣọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde máa ń dà bí ewé tútù lójú ẹsẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ sí i, á yí padà lójú yín, á dúdú, á wá máa kọ pupa díẹ̀ tí oòrùn bá tàn sí i. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wò ó. Àwọn ìkòkò yòókù ní ìwà tiwọn. Òmíràn á fún yín ní aró tó jinlẹ̀ lónìí, tí òjò bá rọ̀ lóru, ó di àyìnrín, aró fẹ́ẹ́rẹ́, lọ́la. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ohun mìíràn. A kì í bá wọn jà. Aṣọ tí ẹ bá gbà lẹ ó mú.

Tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba fírídọ̀mù nílé wa, kì í ṣe àdúrà nìkan ni wọ́n ń fún un. Ìyá Músílí á bu nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìyá Wọn sínú ìkòkò tuntun, ọmọ náà á rù ú gba àárín ọjà Ìtòkú kọjá lọ sílé ara rẹ̀, òun ló máa fi bẹ̀rẹ̀ aró tirẹ̀. Àwọn aláró yòókù á máa kí i lọ́nà. Wọ́n á mọ̀ pé ilé báyìí ló ti ń bọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ń ro bí èmi náà ṣe máa rìn lọ́jọ́ tèmi. Wọ́n ti sọ fún mi pé tí iṣẹ́ tí Kọ̀ngílá kan, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe, gbé fún wa bá ti parí, ó kàn mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dàrú nìyí.

Kọ̀ngílá yìí, Èkó ló ti wá. Wọ́n ń kọ́ ilé àlejò kan fún ìjọba tuntun, òun ló gba iṣẹ́ àtira aṣọ fèrèsé àti aṣọ ibùsùn. Ó fẹ́ àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko di róbótó róbótó bí òṣùpá. Gbogbo wa nílé yẹn la di aṣọ. Ìka wa wú. A rẹ ẹ́ nínú gbogbo ìkòkò tó wà nílẹ̀, torí ìkòkò kan ò lè gbà á. Nígbà tí a tú u tán, tí a fọ̀ ọ́, tí àwọn tó ń lu aṣọ ti lù ú tó ń dán, a tẹ́ ẹ sórí okùn àti sórí ẹní ní gbogbo àgbàlá.

Ọkùnrin náà dé lọ́sàn-án. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò kan náà, aláwọ̀ eérú. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn láàárín aṣọ. Ó tẹ̀ síbí, ó wo tibí. Ó wo ọ̀hún. Ó tún padà. Ó wá mi orí, ó ní:

“Màmá, aṣọ yín yìí fáríébù gan-an o.”

Ìyá Músílí ní, “Ẹ ṣé, ọmọ mi.”

Dírẹ́bà rẹ̀ fun fèrè mọ́tò níta. Ó ní, “Màá padà wá ní ọjà tó ń bọ̀. A ó mọ ohun tí a máa ṣe sí i.” Ó bá jáde.

A dúró síbẹ̀. Ìyá Músílí yíjú sí mi.

“Ràbí, ìwọ lo jáde ìwé mẹ́fà. Kí ni wọ́n ń pè ní fáríébù?”

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn. Mo bá ní kí n sáré lọ bi Bọ̀dá Tájù, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa.

Bọ̀dá Tájù rẹ́rìn-ín. “Fáríébù? Inú rédíò ló wà. Òun lẹ máa ń yí tí ẹ bá ń wá Ìbàdàn tàbí Èkó. Tí kò bá sí fáríébù, ibì kan ṣoṣo lẹ máa máa gbọ́ títí ayé.”

“Nǹkan tó dára ni nígbà náà?”

“Tí kò bá tíì bàjẹ́, ó dára. Tó bá ti bàjẹ́, rédíò á kàn máa hó ni.”

Mo jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Músílí ní, “Aṣọ mi ń hó?” Mo ní rárá o. Wọ́n ní, “Kí ló wá sọ?” Mo ní mi ò mọ̀.

Músílí ọmọ wọn dé láti ilé ìwé girama rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé inú ìṣirò ló wà, pé lẹ́tà tí àwọn máa ń kọ dípò ohun tí àwọn ò tíì mọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó kó jẹun. Ẹnì kan ní ó wà nínú rédíò, ẹnì kejì ní ohun tí a ò mọ̀ ni, ọkùnrin yẹn sì ń bọ̀ wá pinnu bóyá kó kó aṣọ wa tàbí kó fi í sílẹ̀, fírídọ̀mù mi sì wà lẹ́yìn aṣọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Músílí wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n borí, wọ́n ní ká lọ. Ìjemọ̀ la lọ, sílé Tíṣà Ṣódípọ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè òyìnbó tó wà nílé bàbá náà, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbé e. Bàbá fi ìjókòó lọ̀ wá, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ti ọmọ, wọ́n wá gbé dígí wọ ojú.

“Variable,” wọ́n ní. “Ó rèé. Ohun tó ń yí padà, tí kì í dúró sójú kan.”

“Ta ló ń yí padà?” Ìyá Músílí ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

“Ohunkóhun, Ìyá. Ojú ọjọ́. Afẹ́fẹ́. Ọkàn èèyàn.”

“Ṣé èébú ni?”

“Kì í ṣe èébú.”

“Ìyìn ni?”

Bàbá yọ dígí, wọ́n nù ún. “Kì í ṣe ìyìn náà. Ó kàn... ó kàn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.”

Ìyá Músílí ò gbà. Wọ́n ní, “Tíṣà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ilé tó ti jáde. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, mo máa lọ wádìí ilé rẹ̀. Ẹ bá mi wádìí ilé ọ̀rọ̀ yìí.”

Inú bàbá dùn sí ìyẹn. Bóyá kò sí ẹni tó ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fa ìwé kékeré mìíràn yọ lẹ́yìn àwọn ìwé wọn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé, Faransé gbà á láti inú Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, fáríúsì, tí wọ́n fi ń pe ohun tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tó ní tótòtó lára. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń lò ó fún ohun tó ń yí padà.

Ojú Ìyá Músílí là. “Àwọ̀? Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni láti ìpìlẹ̀?”

“Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

“Alhamdulilahi! Ràbí, o gbọ́? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni.”

Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ká ní a ti dìde níbẹ̀ ni! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò dìde? Bàbá ṣí ewé kan sí i, wọ́n fi ìka tọ́ka sí i.

“Ibi tí fáríúsì fúnra rẹ̀ ti wá ni kò yé wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ó ṣeé ṣe kó bá ọ̀rọ̀ kan tan, èyí tí àwọn ará Róòmù fi ń pe ìrorẹ́.”

“Ìrorẹ́?”

“Ìrorẹ́ ojú, Ìyá. Ṣùgbọ́n kò dá wọn lójú.”

Ìyá Músílí dìde. Wọ́n tún ìbòrí ṣe, wọ́n ní, “A dúpẹ́, Tíṣà.” Bàbá tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wí pé, “Kò dá wọn lójú o! Ẹ ní sùúrù, wọ́n ní kò dá wọn lójú!” A ti ń lọ.

A délé. Wọ́n lọ sí àgbàlá, wọ́n dúró síwájú àwọn aṣọ náà, wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń wo èmi. Aṣọ tó ti inú Ìyá Wọn jáde dúdú. Tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyìnrín. Èyí tó tẹ̀ lé e wà láàárín méjèèjì. Mi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀, ojú mi ti mọ́ ọn. Wọ́n ní, “Ó ní aṣọ mi yọ ìrorẹ́.”

“Ìyá, bàbá ní kò dá wọn lójú.”

“Èmi ló dá lójú. Mò ń wò ó níbẹ̀ yẹn.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n yí dúrọ́ọ̀mù ńlá tí a fi ń gbe omi òjò wá sí àárín àgbàlá. Mo rò pé a fẹ́ pọnmi ni. Wọ́n mú igbá kan. Wọ́n bu aró nínú ìkòkò àkọ́kọ́, wọ́n dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n mú igbá yẹn kan náà, wọ́n tì í bọ inú ìkòkò kejì.

Mo pariwo. “Ìyá! Igbá yẹn!”

“Mo mọ igbá tí mo mú.”

“Ìyá, ẹ ní ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba.”

“Lónìí ni wọ́n máa dọ́gba. Aró kan ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, aṣọ kan ni a máa yọ níbẹ̀. Kò tún sí ẹni tó máa wọ àgbàlá mi wá sọ fáríébù. Mú garawa wá.”

Mo ti rò ó, mo ti tún un rò, kò yé mi. Obìnrin tó fọ́ igbá mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Obìnrin tó jẹ́ pé tí ẹ bá ní kó bu ṣíbí aró kan láti ìkòkò kan sí èkejì, á bi yín bóyá orí yín pé. Òun náà ni mo ń wò yìí tó ń da arúgbó aró pọ̀ mọ́ ìkókó, tó ń da èyí tó ti ń kan pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Wọn, mo kúnlẹ̀. Mo di apá wọn mú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi èyí sílẹ̀. Ẹ tiẹ̀ fi ìdí rẹ̀ nìkan sílẹ̀.”

“Ṣé ìkòkò ìyá rẹ ni?”

Mo jọ̀wọ́ apá wọn. Wọ́n bu ú tán tìdítìdí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi igi rò ó pọ̀. A wá pín in padà sínú àwọn ìkòkò, a sì rẹ gbogbo aṣọ Kọ̀ngílá lẹ́ẹ̀kan sí i, a ò tiẹ̀ tún wọn dì.

Mo ti mọ̀ kí n tó fa èyí àkọ́kọ́ jáde. Ìfófòó tó máa ń wà lójú aró ti wọlẹ̀ lọ. Òórùn rẹ̀ ti yí, ó ń rùn bí omi gọ́tà. Mo fa aṣọ, mo na án sí afẹ́fẹ́, mo ń retí kó yí padà. Kò yí. Aró tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá ti lọ sínú omi. Ó di ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀. Mo fa èkejì, bákan náà. Mo fa ẹ̀kẹta. Ọlọ́run ṣeun, wọ́n dọ́gba! Ẹ ò lè rí aṣọ tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀gbá.

Ìyá Músílí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ Ìyá Wọn, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tún un tọ́ wò. “Ràbí,” wọ́n ní, “bá mi tọ́ ọ wò.”

Mo tọ́ ọ wò. Wọn ò bi mí bó ṣe rí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé ojú mi wú, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún fún gan-an nínú ara mi, Ìyá Músílí, àti ìkòkò.

Kọ̀ngílá dé lọ́jọ́ ọjà bó ṣe wí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wá. Ó gbé e wá! Mo rí ọkọ̀ náà níta pẹ̀lú ojú mi. Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kí wa, ó wá rí ohun tó wà lórí okùn.

“Màmá, kí ni eléyìí? Àwọn tèmi dà?”

Ìyá Músílí ní, “Tìrẹ nìyẹn.”

“Àwọn aṣọ aláró tí mo rí níjọ́sí ńkọ́?”

“Ìwọ lo ní wọ́n fáríébù. A ti bá ọ ṣe é kó dọ́gba.”

Ọkùnrin náà wo wọ́n, ó wo èmi, ó tún wo aṣọ. “Èmi? Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

Gbogbo wa ní ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó fi ọwọ́ pa orí. “Ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́. Mi ò rántí, Màmá. Mo máa ń sọ ọ́ ṣáá ni.”

Èmi ni mo bi í. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, àmọ́ ó ti sú mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ sọ ọ́, ṣé ẹ fẹ́ràn aṣọ náà ni àbí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀?”

Ó rò ó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń gbìyànjú láti dá mi lóhùn ní òótọ́. “Àbúrò, aṣọ ni mò ń wò. Mi ò tíì mọ̀.” Ó ní ká má bínú, ó jáde. Mo gbọ́ bí ọkọ̀ akẹ́rù náà ṣe ń lọ lófìfo. Wọ́n ní Ìbàdàn ló ti padà ra aṣọ.

Aró ilé wa ò jí mọ́. A ra ẹ̀lú tuntun, a jó eérú tuntun, ó kàn máa ń yọ ojú díẹ̀ ni, á tún kú. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀lú wá pàápàá ti ń dín kù, torí àwọn ọmọge Ìtòkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámpálà, kẹ́míkà bíi sódà àti háídírò ni wọ́n ń lò. Ìyá Músílí ti máa ń sọ pé sódà ò ní wọ ilé òun láé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́, wọn ò wo ojú mi, wọ́n ní, “Ràbí, báwo ni wọ́n ṣe ń po sódà yẹn?” Bí ó ṣe wọlé nìyẹn. Mo lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọge kan tí mo jù lọ́jọ́ orí, mo wá padà kọ́ ọ̀gá mi.

Fírídọ̀mù mi, wọ́n ṣe é. Àfáà wá, wọ́n ṣàdúrà, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tó tó àsìkò tí ọ̀gá máa ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, kò sí nǹkan tí wọ́n máa bù. Ìyá Músílí kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo rìn gba àárín Ìtòkú kọjá, orí mi ṣófo, àwọn aláró tó rí mi ò mọ̀ pé fírídọ̀mù ni mo ti ń bọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Ó dùn mí o. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Yòókù, ẹ lè rò ó fúnra yín. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo gba ilé kan ní Kémta tó ní àgbàlá, mo fi ike àti garawa rọ́pò ìkòkò. Sódà ò ní kí ẹ tọ́ òun wò, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò. Ṣíbí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ da omi gbóná sí i, ẹ rò ó, ẹ rẹ aṣọ, ẹ yọ ọ́. Òjò ò kàn án, ọyẹ́ ò kàn án. Aró tí ẹ rí lónìí lẹ ó rí lọ́la. Mo ta aṣọ débi tí ọwọ́ mi ò fi dilẹ̀. Láyé ìgbà tí ìjọba ológun tún padà dé, tí aṣọ funfun wá di góòlù, tí àwọn mìíràn sá kúrò nídìí iṣẹ́, èmi ò sá. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé tí àwọn bá ra ọ̀pá díẹ̀ lónìí tí àwọn sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, bákan náà ni yóò rí. Èéfín sódà ló wá lé mi kúrò nígbẹ̀yìn, àyà mi ò gbà á mọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo ní láti sọ fún yín, ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 yẹn ń parí lọ, Ìyá Músílí ti darúgbó, wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú wọn ṣì ríran kedere. Iléyá ń bọ̀. Mo ní kí n ṣe aṣọ kan fún wọn, oníko olóṣùpá, aró dúdú, kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀. Mo fara balẹ̀ sí i. Mi ò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo ká a, mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ọdún. Wọ́n tú aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

“Ó dára,” wọ́n ní. “Kò sí ibì kan tó yàtọ̀ sí ibì kan.”

“Ẹ ṣé, Ìyá.”

“Níbo lo ti rà á?”

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Mo ní, “Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo ṣe é.”

Wọ́n tún gbé e sójú. Wọ́n wò ó, wọ́n wá wo èmi, wọ́n tún wo aṣọ. “Ìwọ Ràbí?” wọ́n ní. “Mi ò bá tí mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni láéláé.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo bá wọn ká aṣọ, mo dágbére. Mo dúró lẹ́bàá títì ní Ìtòkú, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo kí n kúrò lọ́nà. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá mi yìn mí ni àbí wọ́n bú mi. Mo ti bi ọkọ mi, ó ní wọ́n yìn mí. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní kí n lọ bi ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó yẹ kí n bi ni Ìyá Músílí fúnra wọn, ẹ̀rù ìdáhùn ò jẹ́ kí n bi wọ́n títí wọ́n fi kú.